Ẹ̀yìn Budhe Lasiyem

Ọdún méjìlélógójì ni Budhe Lasiyem fi ẹ̀yìn gbé àgbo kiri àdúgbò wa ní Sukoharjo. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní Budhe. Ní ìdájí, wọ́n á lọ atalẹ̀ pupa mọ́ àjàgbọ̀n, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́jọ, wọ́n á to ìgò sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀já pọn apẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn oníbàárà wọn a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tí kì í dàgbà nìyí, tí kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nàró.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn bí iná láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Bí wọ́n bá rìn kọjá ilé mẹ́ta, wọ́n á lóṣòó sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó rọlẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn gbogbo àdúgbò kò ran tiwọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n délé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, wọn kò sì mọ ibi tí èkejì ti bọ́. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Èmi àti Wartini, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, la mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Hendarto gbé àwòrán ẹ̀yìn wọn sójú iná. Ó ní tìmùtìmù tó wà láàárín àwọn egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti gbó tán, egungun kan ti yọ̀ síwájú, ó sì ti fún iṣan mọ́nú. Abẹ́rẹ́ wà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í gbé ẹsẹ̀ tó ti ń wọ́ nílẹ̀. Òun lè gé egungun tó há mọ́ iṣan náà kúrò. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ egungun tó ti yọ̀ lè tún yọ̀ sí i. Tàbí kí òun gé e, kí òun sì tún fi irin de egungun méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ìyẹn ni òun yóò yàn, ṣùgbọ́n ara kì í tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ sì ti parí nìyẹn. Ó wá kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń tọ̀ sára láìmọ̀, tàbí tí ìdí wọn bá kú bí igi, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kankan, kí wọ́n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Budhe béèrè bóyá àwọn á ṣì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ìgò. Dókítà ní kí wọ́n máa jókòó fọ̀ ọ́. Wọ́n gbà kí ó fi irin de é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni a fi iṣẹ́ abẹ náà sí. Nígbà tí a délé, Budhe wo kàlẹ́ńdà. Wage, ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà márùn-ún wa, ni Ìṣẹ́gun yẹn bọ́ sí, Ìṣẹ́gun Wage sì ni bàbá wọn kú. A kì í ṣílé, a kì í gbéyàwó, a kì í tilẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ ní irú ọjọ́ tí òbí ẹni kú.

Inú bí Wartini. “Ìyá, Bàbá àgbà tí wọ́n fẹ́ràn yín tó báyẹn, ṣé àwọn ló máa wá pa yín?”

“Wọn ò ní pa mí. Wọ́n máa pè mí ni. Kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n pè mí rí tí mi ò dáhùn.”

Ojú ń tì wọ́n láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú dókítà. Wọ́n ní kí n pe ilé ìwòsàn pé ikọ́ ń ṣe àwọn. Mo mọ̀ pé kò sí ikọ́ kankan. Èmi ni mo pè. Wọ́n sún wa sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ilé wa kò jìnnà sí tiwọn. Láti ìgbà náà, bí abọ́ kan bá já bọ́ níbẹ̀, mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ṣàkíyèsí pé aṣọ tí wọ́n ń sá sẹ́yìnkùlé ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àgbo ló ń dà sí àwọn lára. Wartini mú ìró kan lórí okùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbo atalẹ̀ pupa kì í dà sáṣọ kí ó má pọ́n ọn. Ìró yìí kò ní àbàwọ́n kankan. Ó fi í sí imú.

“Láti ìgbà wo, Ìyá?”

“Ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n rọ́jú dé ọjọ́ tí wọ́n dá.”

Kò sẹ́ni tó wo kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ yẹn. A sáré gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn, ọ̀sán sì ni wọ́n gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní òun ti tú iṣan náà sílẹ̀, òun sì ti fi irin de egungun náà. Òun nírètí fún ẹsẹ̀. Ti ìtọ̀, òun kò lè ṣèlérí. Ọjọ́ mẹ́ta ti pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sì pe òun bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n. Budhe mu ife méjì. Wọ́n gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì sókè kí n lè rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan lẹ́yìn ògiri.

Mo bi wọ́n bóyá ó ti ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́ láti tún ìrọ̀rí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣe, ọwọ́ mi sì kan aṣọ ibùsùn. Ó ti tutù rinrin.

Ojú mi ni wọ́n ń wò.

“Sọ ọ́,” wọ́n ní.

Mo sọ ọ́: ìtọ̀ ti jáde.

“Pe Wartini kó wá pààrọ̀ aṣọ,” ni wọ́n wí. “Lẹ́yìn náà, kí o tún bu omi fún mi.”