Ẹni Tó Kẹ́kọ̀ọ́ Tán Tí Kò Gboyè

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé Maryland, ilé màmá kan tó jẹ́ ará El Salvador ni, ní Adelphi. Yàrá kan ni mo háyà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí yunifásítì tí mo ti ń ṣe másítà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Yunifásítì yẹn náà ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìdáná àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ń lọ kàwé, àwọn ń lọ gé àlùbọ́sà, bọ́ọ̀sì kan náà la sì jọ ń wọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dá ṣáká. Tèmi náà, ohùn Ìbàdàn ni mo fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀ a máa ń gbọ́ ara wa yé. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Èmi ò lè pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe, nítorí náà mo ń pè wọ́n ní Màmá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo kó ìwé sórí tábìlì ìjẹun, mo ń ráhùn. Mo ní ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n fi ọdún mẹ́rin kà nílé, ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ di ọdún méje mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n o parí ẹ̀," Màmá wí.

"Mo parí ẹ̀, Màmá."

"Wọ́n sì fún ẹ ní oyè."

"Wọ́n fún mi."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Èmi, *egresada* ni mí."

Mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí gbogbo kíláàsì, tó yege nínú gbogbo ìdánwò, kò tíì gboyè. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kó gbèjà rẹ̀. Ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ tán, tí kò tíì ṣe èyí, òun ni wọ́n ń pè ní *egresada*. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kò sì tíì di ẹni tó gboyè. Ojú ọ̀nà lásán ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Màmá ti dúró síbẹ̀ ju ogún ọdún lọ.

Ẹ̀kọ́ nípa oògùn ni wọ́n kà, ní yunifásítì ìjọba, èyí tí ọmọ tálákà lè wọ̀. Kọfí ni bàbá wọn ń ká fún olóko, kò sì sí ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì rí nínú ìdílé wọn. Ewé igi kan tí ìyá wọn máa ń sè fún ibà ni wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí àwọn ṣọ́jà ya wọ ọgbà yunifásítì. Màmá ní nígbà tí àwọn ń sá jáde, àwọn gbé ìgò kan nínú ilé àyẹ̀wò dání, àwọn sì fi báàgì àwọn sílẹ̀ níbẹ̀, títí dòní àwọn ò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti ọgbà náà pa fún ọdún bíi mélòó kan. Ìwé inú láíbìrì di ohun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Àwọn olówó ṣí yunifásítì tiwọn sínú ilé gbígbé, àwọn mìíràn sí òkè ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n agbára Màmá kò ká ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti wá mú un, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni Màmá gbéra, tí wọ́n gba Mẹ́síkò wá sí Amẹ́ríkà.

Lọ́dún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ àbúrò wọn tó wà ní yunifásítì àtijọ́ wọn ní El Salvador bá wọn béèrè ní ọ́fíìsì bóyá àkọsílẹ̀ wọn ṣì wà. Mo bá Màmá lórí fóònù ní kíṣìnnì.

"Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Gbogbo máàkì mi. Kò sọnù."

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo ń fi káàdì mi yá ìwé fún wọn ní láíbìrì. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà, bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, èmi lápá kan tábìlì, àwọn lápá kejì. Bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n ti gbàgbé, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹni pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́. Wọ́n gba ìyọ̀ǹda láti rìnrìn àjò kí wọ́n sì padà wọlé, nítorí ìwé ìgbélùú wọn kì í ṣe ti ayérayé. Nígbà ooru, wọ́n lọ sí El Salvador láti lọ parí ìwádìí wọn.

Wọ́n gbé wàràkàṣì àti búrẹ́dì aládùn dé fún mi. Wọ́n gé búrẹ́dì náà, wọ́n fún mi jẹ. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo béèrè.

"Ó ti kọjá àsìkò," ni wọ́n wí.

"Kí ló kọjá àsìkò, Màmá?"

"Èmi ni."

Jíjẹ́ *egresada* ní gbèdéke. Bí ọdún díẹ̀ bá kọjá láìṣe ìwádìí, ó parí nìyẹn. Àwọn kọ́ọ̀sì pàápàá ti yí padà, wọ́n ní kí Màmá padà sí nǹkan bí ọdún kejì, kí wọ́n sì máa wá jókòó ní kíláàsì lójoojúmọ́.

"Ṣé ẹ ò sọ fún wọn pé ogun ni?"

"Mo sọ. Ọmọdébìnrin kan ló dá mi lóhùn, wọn ò tíì bí i nígbà náà. Ó bu omi tútù fún mi. Ó ní àánú mi ṣe òun. Ká ní ó rí mi fín ni, ǹ bá bá a jà." Wọ́n gbá èérún búrẹ́dì jọ. "Mo wá ilé àyẹ̀wò wa lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Mo mú wọn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí. Ẹni tó gbà wá lálejò ní níwọ̀n bí kò ti sí oyè, kò sí ohun tí òun fẹ́ yẹ̀ wò, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò kàwé lórí tábìlì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ gba másítà mi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n ra òdòdó. Mo wá wọn títí nínú gbọ̀ngàn náà, mi ò rí wọn. Ìta ni mo ti bá wọn lórí àga, òdòdó wà lórí itan wọn.

"Mo dé ẹnu ọ̀nà," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ mi ló kọ̀. Mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ níbí."

Mo gba òdòdó náà lọ́wọ́ wọn. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Mo ríṣẹ́, mo kó lọ sí Springdale, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ kí wọn. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, obìnrin kan láti ilé òkè wá kan ilẹ̀kùn, ìgò oògùn méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé Màmá kàwé oògùn nílé, ṣé òun lè lo méjèèjì pọ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Màmá dáhùn. "Èmi ò kàwé. Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún ẹ."

Obìnrin náà tọrọ gáfárà, ó lọ. Mo wo Màmá, wọn ò wo ojú mi. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, wọ́n sì ń bá a lọ.