Bèbè Ìyá Sùlíyà

“Ọ̀gá ágíríkì, ẹ ti kó bá mi o! Onílẹ̀ ní kí n kúrò lórí ilẹ̀ àwọn!”

Bí Ìyá Sùlíyà ṣe kí mi káàárọ̀ nìyẹn létí àkùrọ̀ wọn lọ́nà Sekona, ní Ẹdẹ tiwa. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nígbà náà, iṣẹ́ ká máa kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ó rẹ̀ mí títí mo fi fẹ̀yìntì, ó sì tún ń rẹ̀ mí báyìí tí mo jókòó sílé.

Ìjọba ló ní ká ṣe bíi ti Vietnam. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ò rí ìrẹsì jẹ yó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dẹni tó ń tà á fún gbogbo ayé. Wọ́n wá rán ọmọ ibẹ̀ kan sí wa, Minh, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í wọ bàtà wọnú ẹrẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sùlíyà la ti bẹ̀rẹ̀. Minh kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ bèbè, ìyẹn ògiri amọ̀ kékeré tó ń sé omi mọ́ ìrẹsì nídìí. Wọ́n mọ ọ́n, ó dán. Omi dúró, ìrẹsì ta yọ, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo gbìn ín.

Àṣé a ti gbàgbé ohun tí kò yẹ kí ọmọ Ẹdẹ kankan gbàgbé. Ilẹ̀ àyálò ni. Ẹni tó yá ilẹ̀ lè gbin ohun tó ń kórè lọ́dọọdún, kó sì gbé díẹ̀ fún onílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ mọ ohunkóhun tí yóò pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Bó ti wù kí ògiri kéré tó, ògiri náà ni.

Mo mú Minh dání, a lọ bẹ Alájì, olórí agbolé tó ni ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi lásán ló ń sé.”

“Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ ìlú yìí!” ni wọ́n dá mi lóhùn. “Òní ni ìyẹn. Tó bá dọ̀la ńkọ́, táwọn ọmọ ẹ̀ bá ní ìyá àwọn ló mọ ọ́n? Tó bá ti kórè, kó máa lọ.”

Mi ò lè bínú sí wọn. Mo mọ agbolé tó pàdánù ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Minh, ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, oko àjọni ni bàbá òun ń ro, kò sẹ́ni tó ń fi gbogbo ara ṣe é. Ìgbà tí ìjọba wọn fi oko lé oníkálukú lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ ni ebi tó kúrò nílé àwọn.

“Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la kọ́kọ́ yanjú,” ló ń wí ṣáá.

Mo sọ ọ́ fáwọn ọ̀gá mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kan ẹ̀ka tiwa. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá.

Ìyá Sùlíyà ò tíì kórè ìrẹsì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Bí wọ́n ṣe kó o tán, a bá wọn lóko, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n ń wó bèbè.

“Ẹ̀ẹ́ tirí, Ìyá?”

“Alájì ní tí mo bá wó o, kí n máa dáko mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá, ibo ni kí n lọ?”

Minh bi mí léèrè ohun tí wọ́n wí. Mo sọ fún un. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wá ọkọ́ kan, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ń bá wọn wó o.

Mo dúró fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo bọ́ bàtà mi.