Òkè Tí Ìyá Raphael Fẹ́ Rí

Ẹni bá ń wá Raphael Ikúmápàyí ní Bájúláyé, ní Ṣómólú l'Ékòó, kó tẹ̀lé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Inú ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹni méjì kò lè yà fún ara wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, íǹkì lọ́wọ́, íǹkì lẹ́sẹ̀. Bí ọdún bá ń parí lọ, kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí àwòrán òkè má wà lára rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ yẹ́lò, wọ́n á tẹ pupa lé e, ìwé náà á sì rí bákan ṣá. Àfi bí búlúù bá dé, ni òkè á bá yọ jáde pẹ̀lú ìkùukùu lórí. Níbẹ̀ ni Raphael ti máa ń gbàgbé ara rẹ̀.

“Raphael, o tún ti gùn ún lọ?” Fọlábí tó ń gé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bi í. “Sọ̀ kalẹ̀ o, bébà ti fẹ́ tán.”

Kò gun òkè kankan rí láyé rẹ̀. Orí omi ni wọ́n bí i sí, ní etí òkun Oǹdó, nínú ilé onígi tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò tíì tó ọmọ iléèwé nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ mú un wá sí Bàrígà, Ṣómólú ló sì ti kàwé, ló ti kọ́ṣẹ́. Èdè Ìlàjẹ tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju iyọ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó se ọbẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Beatrice, ló wá bá a gbé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, ẹja ló sì ń yan tà létí ọ̀sà Bàrígà títí àìsàn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, kí wọ́n máa fi oògùn tọ́jú ìyókù. Láti ọjọ́ náà, màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ṣàdédé sọ pé, “Raphael, kí ojú mi tó fọ́ pátápátá, gbé mi lọ sí òkè.”

Áà, inú Raphael dùn! Ohun tó ti ń wu òun láti kékeré ni ìyá òun náà ń fẹ́. Fọlábí ní mọ́tò kan tó gbó ṣùgbọ́n tí kì í dá ni sílẹ̀, ó sì gbà láti wà wọ́n lọ bí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá ti rọlẹ̀, nígbà ọyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá àti ọmọ á jókòó sẹ́yìn ilé, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ èéfín ẹja bọ̀. Nígbà tí màmá kò rí àwòrán ọ̀nà mọ́, apá rẹ̀ ni Raphael ń ya ọ̀nà náà sí, ó ń fi ìka tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

“Àtẹ́lẹwọ́ yín ni Bàrígà. Ọrùn ọwọ́ yín rèé, Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. A ó dúró ra gàrí tó kan dáadáa.”

“Kí ẹ̀pà má gbẹ́yìn o.”

“Kò ní gbẹ́yìn. Ìgbọ̀nwọ́ yín ni Ọ̀rẹ̀. A ó jẹ ọsàn níbẹ̀, Fọlábí á na ẹsẹ̀. A ó wá yà sósì, a ó gba Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó sẹ́bàá ọ̀nà, tí òórùn rẹ̀ á kún inú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni àwọn òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lókèèrè, wọ́n á máa ga sí i, títí a ó fi dé èjìká yín. Ìdànrè nìyẹn. Ìkùukùu á bò wá, Màmá, a ò ní mọ̀ bóyá ayé la ṣì wà.”

Màmá á di ojú méjèèjì, á máa rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìkúrò lórí àpótí. Ó sì dùn mọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ìrìn-àjò kù fẹ́ẹ́fẹ́, ìka Raphael wà ní èjìká nígbà tí màmá bèèrè pé, “Ọma mi, ṣé ẹ̀bá ọ̀nà ni bàbá rẹ wà níbẹ̀, àbí inú igbó ni wọ́n sin ín sí?”

“Bàbá mi kẹ̀? Ní Ìdànrè?”

“Èwo ni Ìdànrè? Òkè ni mo ní kí o gbé mi lọ. Òkè tí wọ́n gbé e lọ.”

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni orí omi, bó bá ti pe òkè, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Èkó náà ṣáà ń pe ará Ìbàdàn ní ará òkè, ta ló rí òkúta lórí wọn? Òkun ti gbé itẹ́ òkú abúlé wọn lọ kí bàbá Raphael tó kú. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ lọ sí òkè, ní ẹ̀yìn Ìgbókọ̀dá. Wọ́n ní opó kì í tẹ̀lé òkú ọkọ rẹ̀, màmá kò sì rí ibojì náà rí títí dòní.

Ojú ti Raphael débi pé kò lè gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹni, ó ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà.

“Kí ló dé tí ẹ ò dá mi dúró láti ọjọ́ yìí, Màmá?”

“Mo rò pé ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn tó bẹ́ẹ̀ ni. Omi ni èmi mọ̀.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé òkúta gíga ni o ń sọ láti ọjọ́ yìí?”

“Òun ni.”

Kí n má purọ́, ó dun Raphael. Ìrìn-àjò yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Màmá wá ọwọ́ rẹ̀ rí, ó dì í mú.

“Ká kọ́kọ́ lọ sí òkè tèmi, nígbà tí mo ṣì lè fi ojú rí i. Bí ojú bá ṣẹ́ kù, gbé mi lọ sí tìrẹ. Bí kò bá sì ṣẹ́ kù, ṣebí o ti ń fi hàn mí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Tìrẹ, mo ti rí i.”

Raphael sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́, ó dúró ra gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì rántí ẹ̀pà. Nígbà tó dé ìgbọ̀nwọ́, ó yà sọ́tùn-ún, ó kọjú sí Ìgbókọ̀dá.