Ewé Tí Mbah Sadikun Dá Abẹ́ Fún

Bí ẹ bá dárúkọ bàbá àgbà wa olóògbé, Mbah Sadikun, ní Òpópó Cempaka lónìí, ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọn ó sọ fún yín nípa ọjọ́ tó pè wá síbi àsè ìdábẹ́, tí a dé ibẹ̀ tí a kò rí ọmọ kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Mbah ti dé fìlà dúdú rẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. "Ẹ wá bá mi gbàdúrà lọ́la o," ló ń wí. "Mẹ́ta ni mo dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." A kò bi í pé ọmọ ta ni. Ta ni yóò bi olóòlà nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Àwa obìnrin fi atalẹ̀ pupa se ìrẹsì, a tò ó jọ bí òkè, a sun odindi àkùkọ kan tì í. Pak Wiryo, olórí àdúgbò wa, ra sálúbàtà ọmọdé mẹ́ta, ó dì wọ́n sínú bébà tó ń dán.

Àlùfáà jókòó lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mbah, kí lorúkọ àwọn ọmọ náà, kí n lè dárúkọ wọn nínú àdúrà?"

Mbah wọ ìyẹ̀wù, ó gbé àwo kan jáde. Ègé ewé mẹ́ta ló wà lórí àwo náà, ewé tó nípọn bí awọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ró sárọ́ńgì kékeré mọ́ ìdí bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún.

"Wọn ò tíì lórúkọ," ni Mbah wí. "Ọgbẹ́ wọn ṣì tutù."

Àlùfáà wo ewé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti wà lókè. "Ọwọ́ mi ti gòkè ná," ló wí, "mi ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lófìfo. Olúwa, fún wọn ní gbòǹgbò." A ṣe àmín. Pak Wiryo nìkan ni kò ṣe é. Sálúbàtà ló ń wò.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà rò pé orí rẹ̀ kò pé, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ogójì ọdún gbáko ni Mbah Sadikun fi dá abẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin ìlú wa Salatiga, kò sì sí ọkùnrin kan ní òpópó wa tí kò tíì sunkún níwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá wà nínú wọn. Olùkọ́ wà nínú wọn. Bí ọkùnrin bá ń fọ́nnu lẹ́nu ọ̀nà, tó wá gbọ́ ikọ́ Mbah lókèèrè, á rẹ ohùn sílẹ̀, á pa itan méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ tútù la máa ń pè é: ẹni tó bá ní in, ohun tó bá gé kì í jẹrà, ohun tó bá gbìn kì í kú. Mbah pọ́n abẹ rẹ̀, ó kọjú sí igi inú ìkòkò. "Mo fẹ́ràn àwọn wọ̀nyí," ló wí. "Wọn kì í ta èèyàn nípàá."

Bó ṣe ń tọ́jú ọmọ ló ṣe ń tọ́jú ewé. Yóò fi omi gbígbóná nu abẹ. Yóò gé ewé náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin mẹ́rin, yóò gé ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó kó má baà gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ wà, nítorí èyí tí a bá dorí rẹ̀ kodò sínú iyanrìn kò ní ta gbòǹgbò láéláé. Yóò bu eérú sójú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ó di ọjọ́ mẹ́ta lórí àwo, omi kò gbọdọ̀ kàn án.

"Mbah, òùngbẹ á mà pa á," ni àwọn obìnrin máa ń wí.

"Ta ló ń wẹ ọmọ tí ojú abẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná? Ẹ̀yin lẹ máa ń pa wọ́n. Omi lẹ fi ń pa wọ́n!"

Bí ọgbẹ́ bá gbẹ tán, ó di inú iyanrìn tó ti pò mọ́ èèpo ìrẹsì jíjó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í ta. Ní ti àwọn tó máa ń fà bí ìtàkùn, inú ìgò omi ló ń fi wọ́n sí. Abẹ́ oríkèé ni yóò ti gé wọn, yóò jẹ́ kí oríkèé náà wọnú omi, ewé tó bá sì fẹ́ rì sómi, yóò já a dànù. Kó tó gé e, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sọ fún ìtàkùn náà pé: "Má bẹ̀rù, kò ní dùn ọ́ rárá." Gbogbo ọkùnrin òpópó wa ló mọ̀ pé irọ́ ni.

Sumarni, tó ń din tempe ẹ̀wà sóyà tà ní ìkòríta, gba ègé ewé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní sùúrù. Àràárọ̀ ló ń fà á tu, kó wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Mbah ká a mọ́ ibẹ̀.

"Sumarni! Nígbà tí mo dá abẹ́ fún ọmọ rẹ, ṣé àràárọ̀ lo ń ṣí sárọ́ńgì rẹ̀ wò?"

"Rárá o, Mbah."

"Ó dáa. Fi ìyẹn náà sílẹ̀ kó sinmi."

Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ti dé, Sumarni á sáré fi ìborùn bo ìkòkò náà kí ojú má baà tì í.

Àwọn ègé ewé mẹ́ta ọjọ́ àsè yẹn, ti Lasmini ni. Opó ni Lasmini, ilé rẹ̀ kọjú sí ti Mbah. Ọkọ rẹ̀ ló ra igi náà fún un lọ́dún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ahọ́n àna la ń pe igi náà: ewé rẹ̀ gùn ó mú bí idà, àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n bí ìyeyè. Ìkòkò kan ṣoṣo ni. Ọkọ náà kú, ìkòkò náà kù. Wàyí o, Retno, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ sì ríṣẹ́ sí Kalimantan lókè òkun, wọn yóò kó lọ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́wàá. Retno kò bèèrè góòlù, kò bèèrè aṣọ. "Ìyá," ló wí, "ẹ fún mi lára igi bàbá." Ìdí nìyẹn tí Lasmini fi gé ewé kan, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá bá Mbah.

Ó di oṣù kẹta, èéhù yọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mbah kígbe títí ikọ́ fi gbà á, gbogbo wa sì sáré jáde. Lasmini bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó tún un wò.

"Mbah, etí wọn dà?"

"Etí wo?"

"Etí pípọ́n. Ìyá wọn ní etí pípọ́n. Àwọ̀ ewé lásán làwọn wọ̀nyí látòkè délẹ̀."

"Ọmọ ọwọ́ ṣáà ni wọ́n. Á yọ."

Kò yọ. Oṣù méjì kọjá, wọ́n ti ga tó ìka àárín, kò sí etí. Ẹnì kan wá sọ nídìí agbada tempe pé àwọn olówó ìlú ńlá ń wá elétí pípọ́n kiri. Kí a tó mọ̀, Lasmini ti kó ìkòkò àwọn èéhù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà Mbah lọ́sàn-án gangan.

"Mbah, ẹ ti pààrọ̀ wọn! Ẹ gbé ọmọ igi ọkọ mi jáde fún mi. Olè ni yín!"

Bí inú ṣe bí i tó yẹn, ó ṣì tẹrí ba kó tó pè é lólè.

Mbah dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Lasmini, ogójì ọdún làwọn ìyá fi gbé ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́. Ṣé ẹnì kan wá rí pé mo bá òun pààrọ̀ nǹkan?" Òpópó ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rí ojú bàbá náà, ẹ̀rín wọ̀ wá nínú.

Pak Wiryo ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní kí Lasmini gé ewé mìíràn níṣojú gbogbo wa, kí Mbah tọ́jú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n ti ìkòkò náà mọ́nú àgò ẹyẹ, kí wọ́n sì gbé àgò náà kọ́ sí àgọ́ àwọn olùṣọ́ àdúgbò. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Pak Wiryo. Bí Mbah bá fẹ́ wọ́n omi sí i, láti ìta ni, níṣojú ẹlẹ́rìí méjì.

Oṣù mẹ́ta! Àlejò tó bá ń kọjá á dúró, á súfèé sí àgò náà.

"Ẹyẹ wo lẹ kó síbẹ̀?"

"Ewé ni."

"Ewé? Ṣé ó máa ń kọrin ni?"

"Rárá. Ẹjọ́ ló ń jẹ́."

Gbogbo àkókò yẹn, Mbah àti Lasmini kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sumarni tó ń gbé tempe kọjá láàárín wọn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́.

"Sumarni, sọ fún obìnrin yẹn kó yéé da omi sí igi rẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró omi láti ibí."

"Sumarni, sọ fún bàbá yẹn pé etí mi kò di."

"Sumarni, sọ fún un pé etí igi rẹ̀ là ń wá, a kò wá tirẹ̀."

Sumarni á dúró láàárín títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì. "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò ra tempe ni?"

Ṣùgbọ́n Lasmini dín omi náà kù.

Nígbà tí èéhù yọ nínú àgò, ó ku oṣù méjì kí Retno lọ. Gbogbo òpópó péjọ. Pak Wiryo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i po. "Kò létí," ló wí.

Mbah mú ewé ìyá kan, ó fi abẹ là á níbùú, ó fi han Lasmini. "Wò ó dáadáa. Pípọ́n yẹn, ara òde ló wà, bí aṣọ. Inú lọ́hùn-ún ni èéhù ti ń wá. Ìyá wọ aṣọ, ìhòòhò lọmọ dé." Ó sinmi díẹ̀. "Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ǹ bá ti sọ fún ọ."

Lasmini bú sẹ́kún. "Ẹ forí jì mí, Mbah. Mo pè yín lólè. Retno náà yóò sì lọ lọ́wọ́ òfo."

"Ta ló ní yóò lọ lọ́wọ́ òfo? Gbé ìyá wọn wá."

"Ìyá wọn fúnra rẹ̀?"

"Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ là. Ẹni tó bá bá gbòǹgbò ìyá rẹ̀ kúrò nílé yóò mú aṣọ pípọ́n náà lọ."

Gbogbo wa mọ̀ pé bí ojú ọgbẹ́ náà bá jẹrà, méjèèjì ló máa kú, kò sì sí òmíràn. Gbogbo wa sì rí ọwọ́ Mbah tó ń gbọ̀n. Lasmini wọlé. Ó pẹ́ débi tí a rò pé kò ní jáde mọ́. Ìgbà tó jáde, ìkòkò náà ló gbé mọ́yà, ó gbé e lé Mbah lórí itan, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mbah tú igi náà jáde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò. Ó fi ìka wá inú gbòǹgbò títí ó fi rí ìdí kan tó ti ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ó mú abẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láti oṣù mẹ́ta wá, bó ṣe kan iṣẹ́, ó dúró gbagidi.

"Má bẹ̀rù," ló sọ fún igi náà, "kò ní dùn ọ́ rárá."

"Èmi ló ń dùn, Mbah," ni Lasmini wí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gé e. Eérú, àwo, ọjọ́ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, Lasmini kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun, ó sì dìídì gba kàlẹ́ńdà tí Mbah fi ń mọ ọjọ́ tí yóò bomi rin igi, kó má baà ṣì í kà. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Retno wọkọ̀, ewé tuntun ti yọrí láàárín, ó tinrin bí ètè ọmọ tuntun. Mbah gbé e fún Lasmini.

"Etí rẹ̀ rèé. Méjì ni. Kà á kó o tó lọ, mi ò fẹ́ ẹjọ́."

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni Mbah Sadikun kú, lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, bí ẹni tó tòògbé. Àwọn ọkùnrin òpópó wa ló gbé e lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n sì ń ti ara wọn nítorí ẹni tí yóò wà níwájú. Ọlọ́pàá wa yẹn sunkún níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Òjò náà le. Omi odò wọlé Lasmini, ó dé orúnkún, kí wọ́n sì tó gbọ́n ọn tán, igi ìyá ti rà látìdí. Lasmini kò sọ fún Retno. Bí ọmọ bá pè é lórí fóònù, tó béèrè igi, á ní, "Ó wà níbí," á yára béèrè ohun tí wọ́n sè.

Lẹ́yìn ọdún kan, Retno wálé. Ó gbé ìkòkò kan sórí itan. "Ìyá, tèmi ti bí méjì. Mo là á bí Mbah ṣe là á. Mo ní kí n gbé ọ̀kan wá, kí wọ́n lè jọ jókòó." Ó wo ẹnu fèrèsé, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, kò sì bèèrè mọ́.

Lasmini gba ìkòkò náà. Kò gbé e wọlé. Ó sọdá títì lọ sí ilé Mbah tó wà ní títì pa, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku orí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ síbẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Mbah, ẹ wò ó," ló wí. "Ọjọ́ méjì ló lò nínú ọkọ̀ ojú omi, kò bì. Retno ló bì."

"Ìyá!" ni Retno wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Àwa tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Sumarni gbé tempe gbígbóná wá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí oòrùn dé orí bẹ́ǹṣì, Lasmini rọra ti ìkòkò náà sínú ibòji. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò. Ó jókòó sínú oòrùn níbẹ̀, ó ń ròyìn Kalimantan fún Mbah díẹ̀díẹ̀.