Bíárìn Lórí Iná Ẹ̀wà

Títí dòní, tí òórùn ọ́ìlì gbígbóná bá fẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ̀wà ń bẹ lórí iná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan l'Óṣogbo, bàbá mi tú gíábọ́ọ̀sì alùpùpù fẹ́sípà tó fi ń lọ ṣiṣẹ́ tíṣà l'Ọ́tan-Ilé, tó sì fi ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bíárìn kan, òrùka irin tó ń yí nínú rẹ̀, há sínú irin rẹ̀. Bàbá fi òòlù lù ú títí, kò jáde. Báàgì aṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé aṣọ fífọ̀ ni.

"Bàbá Ṣadé, ẹ má fọ́ ọ," ni màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ, wí, orúkọ mi ló fi ń pè é. Ó sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, ó gbé irin náà lé èédú. Nígbà tó yá, ó ta omi sí i bó ṣe máa ń dán áyọ́ọ̀nù wò. Omi náà hó ṣàà. Ó fi àkísà gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbá a mọ́ pákó. Iná ti mú kí irin náà fẹ̀, bíárìn já bọ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Màmá wọlé, ó ń kó ṣẹ́ẹ̀tì inú báàgì padà sórí ìkọ́.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ká ní bíárìn yẹn ò jáde, tí fẹ́sípà ò sì ṣeé gùn mọ́, Ọ̀tan-Ilé ni bàbá mi ì bá lọ máa gbé.

Ẹ̀wà ò jinná dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ jẹ ẹ́.