Ilẹ̀ Tó Ń Sán Lẹ́yìn Ilé Sàlísù

Inú oko kòkó ni bàbá mi, Sàlísù, dàgbà sí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kumasi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tirẹ̀ ti wá, tó ń ta aṣọ ní Aboabo, àdúgbò kan ní Kumasi. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kó kúrò ní Ghana, bàbá rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́. Àgbẹ̀ Asante kan, Nana Owusu, ló mú bàbá mi, tó ṣì kéré, àti ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ẹbí òun ni wọ́n. Nígbà tí bàbá mi dàgbà, Nana gé ilẹ̀ fún un, ó ní kó máa dáko níbẹ̀ títí ayé.

Bàbá mi fẹ́ràn ilé. Tó bá ti oko dé, tó wẹ̀, tó kírun tán, á jókòó ti ìyá mi, Hàbíbà, nídìí odó. Bí ìyá mi ṣe ń gún fùfú, òun ni í máa yí i. Àwọn ọkùnrin abúlé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á máa yí fùfú rẹ̀ lọ.

Odò ló kọ́kọ́ yí padà. Omi tí à ń mu láti kékeré pọ́n, ó ki bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ariwo katapílà. Àwọn awakùsà góòlù, tí wọ́n ń pè ní galamsey, ti dé. Nana ti kú nígbà náà, Godfred ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń ta ilẹ̀ fún wọn.

Oko tó yí tiwa ká ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi kòkó ń rà síbi tí wọ́n wó o sí. Omi dúró sínú àwọn kòtò, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe jìn tó. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa já sínú ọ̀kan, a ò rí i mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá mi ní, "Baba Bàrákàt, ṣé ẹ gbọ́?"

"Kí ni?"

"Òjò rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan ò ké."

Bàbá mi tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́. Ó dìde lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ògiri ti sán, ìka rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Godfred wá bá a. Agya, ìyẹn bàbá lédè wọn, ló máa ń pè é. "Agya, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ yìí. Wọn ò ní dúró dè yín."

"Bàbá àgbà rẹ ló fún mi."

"Nana ti kú."

"Èmi ò tíì kú."

Godfred wo ilẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Agya," ló wí, ó sì lọ.

Èmi Bàrákàt, tí mo wà nílé ọkọ ní Aboabo, lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Bàbá ní tí àwọn bá jáde lónìí, àwọn awakùsà á wa ìdí ilé náà lọ́la. Mo sùn síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mì. Kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ dé ẹ̀yìn ilé ti ya lulẹ̀, Godfred, tó wá wo iṣẹ́ wọn, wà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé àyà. Àwọn awakùsà ti sá. Bàbá mú ṣọ́bìrì. Ìyá mi di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ má lọ. Ṣebí òun ló ta ilẹ̀?"

"Ọmọ èèyàn ni, Hàbíbà."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wa ẹrẹ̀ kúrò lára Godfred, ó so okùn mọ́ ọn, èmi àti ìyá mi fà á jáde. Bàbá yíjú sí òkè, ó fẹ́ máa gùn bọ̀. Etí kòtò tó wà lókè orí rẹ̀ wó bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ìyá mi kọ̀, kò jẹ́ ká sin ín sábúlé. "Wọ́n á hú u," ló wí. Kumasi la sin ín sí kí oòrùn tó wọ̀.

Kò pẹ́ tí katapílà fi padà. Godfred ń tiro báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó wá kí ìyá mi lọ́dọ̀ mi ní Aboabo, ó ní kòtò ti dé ibi tí ilé wa wà.

"Ilé ta ló kàn?" ni ìyá mi bi í.

"Tiwa ni, Màmá. Ògiri rẹ̀ ti ń sán."

Ìyá mi gbé omi fún un. Godfred mu ún tán, kò dìde láti lọ.