Ẹyọ Tó Kù Lórí Yìnyín

Òórùn páálí àtijọ́ tó ti bá òkrìkà gbé inú àpò kan náà, títí di òní, bó bá ti kan imú mi lójú ọ̀nà, mi ò ní lè kọjá. Màá dúró, màá tú u wò. Àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, nígbà tí mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Orí mi nígbà náà ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá ṣí ìwé, ìlà kan náà ni màá máa kà ní àkàtúnkà, bí mo bá sì dùbúlẹ̀, àyà mi á máa lù kì-kì-kì bí àyà ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn tí a jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní kí n má ronú mọ́. Ẹ gbà mí o! Ta ló jókòó tó ránṣẹ́ pe ìrònú?

Nígbà tó yá, mo ṣubú lulẹ̀ nínú kíláàsì, wọ́n sì sáré gbé mi lọ sọ́sibítù. Dókítà tó yẹ̀ mí wò, obìnrin onísùúrù kan, ní kò sí àìsàn kankan lára mi ju pé ọpọlọ mi ti rẹ̀ lọ. Ó ní kí n lọ sílé lọ sinmi, kí n sì wá nǹkan tí màá máa fọwọ́ ṣe, nǹkan tí kò ní ìdánwò nínú. Èmi tí mo mọ̀ pé àwa nílé wa, bí a bá ní ìsinmi, oorun la ń sọ, mò ń rò ó bí mo ṣe ń bọ̀ pé kí ló tún kù téèyàn lè máa ṣe. Bí mo ṣe dé ìdí ìyá olókrìkà kan nìyẹn, tó pàtẹ ìṣeré ọmọ òyìnbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Páálí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya òkè funfun sí lára, àti ilé kan tí òrùlé rẹ̀ pupa, àti odò kan níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀, ègé páálí wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ ló kún ibẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan, téèyàn máa tò pọ̀ títí á fi di àwòrán tó wà lára ìdérí. Mo mú ẹyọ kan, mò ń yí i láàárín ìka bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Mi ò mọ̀gbà tí àyà mi rọlẹ̀. Mo san owó, mo gbé e, mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́.

Káfíńtà ni bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán níbi tí ìyá mi ti ń ta abọ́ àti ike. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ ti dè bí ìṣó tó wọ igi. Ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó bojú wolẹ̀, ó ní, "O ò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ọmọ tó wà láàyè ló ń gba ìwé ẹ̀rí." Ó ní òun á wá ọ̀gá aránṣọ kan fún mi. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Gbogbo ọdún tí mo ti fi kàwé, ó wá ku díẹ̀ kí n dé òkè, wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀! Ìyá mi ní tirẹ̀ gbà pé ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ká ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, ìbá ti gba tírà wá fún mi kí n tó bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá mi ti Mẹ́kà dé ló ti kó gbogbo tírà ilé wa dànù. Ó ní, "Ọlọ́run ò sí nínú awọ ewúrẹ́." Ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé e wọlé, kó mọ̀ pé òun àti òun ni.

Mo tú páálí mi sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán ni mo kọ́kọ́ tò, torí àwọn ẹyọ tí ẹ̀gbẹ́ wọn gún rọrùn láti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dojú kọ òrùlé pupa, lẹ́yìn ìyẹn, odò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹyọ kan á bọ́ sí àyè ẹ̀, á dún pẹ́, inú mi á dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Èyí tí kò bá wọlé, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò bínú, èmi náà ò bínú. Mò ń wá ẹyọ, mò ń gbàgbé ara mi. Kó tó pẹ́, oorun tó ti kọ̀ mí sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri ní ọ̀sán gangan, màá sì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ara mi ń padà.

Ṣùgbọ́n wàhálà ilé wa kò kéré. Àwọn tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ò mọ̀ pé àwòrán kì í ṣe pàǹtí. Ewúrẹ́ aládùúgbò á na ọrùn wọlé, mo sì ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá. Ìyá aládùúrà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wá kí mi, ó rí mi níbi tí mo ti ń ṣa ègé páálí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ẹ̀mí tó ń mú ọmọ yìí ṣa páálí, kó jáde!" Mo ní, "Ìyá, ẹ kú àdúrà o. Ẹ bá mi wo èyí, ṣé kì í ṣe fèrèsé ilé yẹn?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó fi ẹyọ náà síbẹ̀, ó wọlé wẹ́kú. Láti ọjọ́ náà, ìyá kò lọ ṣọ́jà kó má kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bí ara mi ṣe rí ni. Irọ́ ni, fèrèsé ló ń wá.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kọ́kọ́ ní, "Eré ọmọdé lo wá ń ṣe, arúgbó ọmọ yìí?" ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kí ìrun Alásàárì tán, mo máa ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, á máa wo bí mo ṣe ń tò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo bá pákó kan níwájú yàrá mi, bàbá mi ti fá a dán, ó sì kan etí sí i yíká kí nǹkan má bàa já bọ́. Ó ní, "Gbé e sórí ìyẹn, kó o gbé e lé tábìlì. Ewúrẹ́ ò lè gun tábìlì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà tí ó ku yìnyín orí òkè nìkan, iṣẹ́ dé. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni ní kéèyàn ṣa ìyẹ̀fun. Ìròyìn sì dé pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé ìwé máa wọlé fún sáà tuntun. Mo bẹ bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀ lójú ìyá mi àti ìyá aládùúrà. Ó wo pákó náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹni tí orí rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè to èyí tán. Bó o bá tò ó tán, tí kò sí àlàfo kankan, mo gbà pé ara ẹ ti yá. Wàá padà." Ìyá aládùúrà ti kígbe "Àmín!" kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ di kí n to yìnyín kí n lè padà síléèwé, mo sì fi sùúrù bọ́ sí i. Ẹni tó bá fi sùúrù tú èèrà á rí ìfun inú rẹ̀.

Mo tò ó, mo tò ó. Ó ku ẹyọ mẹ́wàá, ó ku mẹ́ta, ó ku kan. Mo na ọwọ́ sínú páálí láti mú ọ̀kan yẹn, páálí ṣófo.

Háà! Mo gbọn ẹní, mo gbọn ara mi, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tú ààtàn. Mo ṣépè fún olókrìkà Under G tí kò ṣẹ̀ mí, mo sì bá ewúrẹ́ aládùúgbò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn ṣe ẹjọ́. Òun náà kàn ń jẹnu ni. Nígbà tí bàbá mi dé, ó tẹjú mọ́ àlàfo kékeré náà tó wà láàárín òkè. Mo ní, "Bàbá, ẹyọ kan péré ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ilẹ̀kùn tó ku híńjì kan, pákó ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Tán ni mo wí." Kì í ṣe ìkà. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń rí mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì níbi tí òun kò sí láti gbé mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí àlàfo fún mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ọjà ni ìyá mi ti dé nígbà náà, ike ṣì wà lórí rẹ̀. Ó sọ ẹrù, ó ní, "Báwo ni ohun tó sọ nù ṣe rí gan-an?" Mo ní ó funfun, ó yọ orí lápá méjì, ó jìn lápá méjì, ẹ̀ka igi gbígbẹ sì wà lára rẹ̀, dúdú, tínrín-tínrín. Ìyá mi wo bàbá mi, ó wò mí, ó dà bí ẹni tó gbé nǹkan gbígbóná mì. Ó wọ yàrá mi lọ, ó gbé ìrọ̀rí mi jáde, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sínú òwú. Tírà ló fà yọ, tuntun, tí wọ́n fi awọ pupa rán yíká.

Bàbá mi ní, "Kí lèyí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Àlàájì, ẹ bá mi bínú tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí i."

Mi ò tíì rí ìyá mi kó dojú kọ bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé bàbá mi yóò jáde lọ. Ó wá yọ ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò, ó la okùn awọ náà, ó ṣí i. Yìnyín mi ló jáde síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka igi gbígbẹ lórí rẹ̀!

Ìyá mi ṣàlàyé. Ọjọ́ tí mo dé, nígbà tó ń fọ gáùn mi, ó bá a nínú àpò. Èmi ni mo fi síbẹ̀ nídìí olókrìkà, tí mo gbàgbé, orí ta ló pé nígbà náà? Ìyá mi tí kò mọ kéú kà rí àwọn ẹ̀ka dúdú náà lórí funfun, ó gbà pé àáfà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ hàntú fún mi. Ó ní kí omi má bàa fọ̀ ọ́ dànù, ó gbé e tọ oníṣẹ́ awọ lọ, ó ní kó rán an, ó wá fi pamọ́ sínú ìrọ̀rí mi kí bàbá mi má bàa rí i.

Bàbá mi bi í pé, "Oníṣẹ́ awọ náà, ṣé ó wò ó?"

"Ó wò ó dáadáa. Ó ní àáfà tó kọ irú èyí, ó mọ̀wé gan-an ni."

Ẹ̀rín já lẹ́nu bàbá mi, ẹ̀rín tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀, tó fi di ògiri mú. Ìyá aládùúrà, tí ẹkún mi ti pè wọlé, fi sùtánà funfun jókòó sórí ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Jésù. Èmi ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi mú ẹyọ náà, kò fún mi, ó fún ìyá mi. Ó ní, "Ìwọ lo pa á mọ́. Fi síbẹ̀." Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró, ó gbé e lé àlàfo náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó dún pẹ́. Bàbá mi fọwọ́ pa ojú àwòrán náà kiri bó ṣe máa ń fọwọ́ pa tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó wá ẹ̀gún, kò rí. Ó ní, "Ó tán. Lọ di ẹrù ẹ."

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú páálí òkrìkà mìíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí orí mi bá ti fẹ́ hó, màá tú u sílẹ̀, màá to ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá tó padà sórí ìwé. Mo ṣe ìdánwò, mo yege. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ọ̀gá aránṣọ ló wọ gáùn dúdú tí ìyá rẹ̀ ń jó níwájú rẹ̀ yẹn!

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì kan sì wà nílé mi tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé abọ́ lé, torí àwòrán kan wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo tí mi ò tíì tò tán. Mi ò kánjú. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Ọ̀yọ́. Bàbá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó rẹ̀, ó ṣe férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, á rí i pé ẹyọ kan láàárín yìnyín yọ sókè díẹ̀, àtè tí oníṣẹ́ awọ fi lẹ̀ ẹ́ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tán. Bí àlejò bá béèrè ohun tó jẹ́, ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn. Á nawọ́ sí i, á ní, "Tírà tí mo ṣe fún ọmọ mi nìyẹn. Ẹ ò rí i bó ṣe jẹ́!"

Bàbá mi á kàn wúkọ́, á wo ojú fèrèsé. Kò jà á níyàn rí.